Oògùn Tí Adìẹ Kọ́kọ́ Mu

Ní ọdún tí ètò ọrọ̀ ajé SAP sọ ọ̀pọ̀ oko adìẹ di ahoro, ti Alhaji Shuaib l'Agége ń gbèrú ni. Adìẹ rẹ̀ kì í kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ní mọ́ṣáláṣí, níbi ìkómọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní Dókítà Adìẹ. Ó gbà á bí oyè, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára mọ́tò òun.

Oògùn mẹ́ta péré ni àṣírí rẹ̀. Kì í dúró kí àìsàn dé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, á tú ọ̀kan nínú wọn sínú omi adìẹ. "Àrùn tó bá ń bọ̀," á ní, "ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá mi."

Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ ló ń kó ìfun adìẹ tí wọ́n bá pa. Lọ́jọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru mú un, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò.

Ní ọsibítù, Dókítà Akínfẹ́nwá lo oògùn kan, pàbó. Ó lo èkejì, pàbó. Ó pe Alhaji.

"Kòkòrò tó wà lára ìyàwó yín ti mọ oògùn wa dunjú. Ṣé ìyàwó yín máa ń lo oògùn fúnra wọn ni?"

"Sùlíyá? Panadó gan-an, ẹ̀bẹ̀ ni."

"Àwọn adìẹ yín ńkọ́? Oògùn tí adìẹ bá ti mu kò ní ran kòkòrò yìí mọ́. Ẹ má fi pamọ́ fún mi."

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n, ìyàwó Dàwódù ni, Dàwódù tí òun àti Alhaji jọ ń du títa adìẹ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Opebi. Alhaji tún fìlà rẹ̀ dé. Ó dárúkọ oògùn méjì.

"Ó parí, àbí?"

"Ó parí. Dókítà sí dókítà."

"A dúpẹ́. Ó ku ọ̀kan lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ìgò oògùn tó kù dé, Alhaji dá ìdérí aláwọ̀ búlúù rẹ̀ mọ̀: ẹ̀kẹta tí kò dárúkọ ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé adìẹ ni adìẹ, èèyàn ni èèyàn.

Lọ́jọ́ kẹta, Sùlíyá kò dá ohùn ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

"Dókítà," ni Alhaji wí, "àwọn adìẹ ti mu ìyẹn náà."

Akínfẹ́nwá pa fáìlì Sùlíyá dé.

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́, dókítà?"

"Dókítà sí dókítà," ni Akínfẹ́nwá dáhùn, "kò sí."

Níta, mọ́tò tí wọ́n kọ Dókítà Adìẹ sí lára ń kọjá lọ sí Allen, adìẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.