Ẹ̀wà Inú Ààrò Ọta

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ fún ara yín láyè jókòó, ìtàn yìí ń ta sánsán.

Ní odi wa létí òkun, ààrò ńlá kan wà tí àwọn ọmọ ogun ó fi sun ọta irin ti àgbá kó pọ́n bí ẹyin iná, kó lè jó ọkọ̀ ọ̀tá. Ogun ò wá, ààrò tutù. Làwa obìnrin ìlú bá sọ ọ́ di ti ẹ̀wà ní gbogbo Sátidé, torí a kì í dáná lọ́jọ́ Ìsinmi.

Sátidé kan, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yọ lójú omi, ó fẹ́ wá jó ilé wa. Kápútẹ́nì Obadáyà, olórí àwọn ọmọ ogun odi wa, sáré dé bá mi nídìí ààrò.

"Ìyá Mèhítábélì, ẹ kó ìkòkò yín kúrò! Mo fẹ́ sun ọta!"

"Ẹ̀wà tí ò tíì jinná? Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù."

"Ṣé ọ̀tá máa ní sùúrù ni?"

Ó fa ìkòkò kan, mo fà á padà. Ìkòkò dànù, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí mo fi se ẹ̀wà ya sínú iná. Èéfín dúdú bo odi! Mo kọrin:

Ẹ̀wà ń hó, èéfín ń lọ,
Àlejò òkun, padà sílé o!

Àwọn ará ọkọ̀ rí èéfín, wọ́n rò pé ọta ti pọ́n. Wọ́n yí padà, wọ́n sá lọ.

Kápútẹ́nì nu òógùn. "Ìyá, ṣé ẹ̀wà ṣẹ́kù?"

"Ìkòkò tẹ́ ẹ dà nù, tiyín nìyẹn."

Ó bẹ̀bẹ̀ títí; nígbà tí àwọn ìkòkò tó kù jinná, mo bu fún un. Tọmọ ogun tará ìlú jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo, oníkálùkù sì relé tayọ̀tayọ̀, ikùn kún.