Ọjọ́ Ajé Àgbọ̀nrín

Ẹ̀rín ẹnu Terrell ló kọ́kọ́ ya Darlene Hruska lẹ́nu. Ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé-ìfọṣọ ńlá tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì Pittsburgh ń kó aṣọ ibùsùn wọn wá ni. Iléeṣẹ́ mìíràn ló yá a fún wọn, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ibà dá a dùbúlẹ̀ sílé, ó gbádùn tán, ó padà dé bí ẹni tó lọ ṣe fàájì.

"Ṣé wọ́n yọ nínú owó ẹ?" Darlene bi í, bí àwọn méjèèjì ti ń ki aṣọ bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́.

"Wọ́n san án pé o, Àǹtí Darlene. Òfin ìlú ni. Tára ẹni ò bá yá, tàbí tọmọ ẹni, kéèyàn jókòó sílé, kówó ẹ̀ máa wọlé. Àbí ẹ̀yin ò ní irú ẹ̀?"

Darlene kò ní irú rẹ̀, ó sì wá ń ṣe é ní kàyéfì. Bélúbélú ọ̀fun ọmọ rẹ̀, Tessa, ti wú débi pé ọmọ náà ń hanrun bí àgbàlagbà tó bá sùn. Ilé ìwòsàn ti fún un ní Ọjọ́bọ̀ kan tí wọn yóò gé e, wọ́n ní ìyá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí Darlene bá pa iṣẹ́ jẹ, owó ọjọ́ náà lọ nìyẹn, wọn yóò sì tún kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé ló ń lọ. Bàbá Tessa wà ní Ohio, kì í gbé fóònù.

Ó wá bá Regis Dolansky, aṣojú ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Rege, níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Rege, kí ló dé tí òfin àìsàn ò fi kàn wá?"

"Òfin yẹn fúnra ẹ̀ ló gbà á láyè. Tí ẹgbẹ́ àti ọ̀gá bá fọwọ́ sí i pé àwọn ò fẹ́, ó tán. A yọ̀ǹda ẹ̀."

"Ẹ yọ̀ǹda ẹ̀! Kí lẹ gbà dípò?"

"Nǹkan tó dáa."

"Nǹkan wo?"

"Darlene, jẹ́ n jẹun."

Ó bi obìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ amáṣọgbẹ. Ìyẹn ní ẹran Kérésì ni. Awakọ̀ tó ń kó aṣọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní rárá, bàtà iṣẹ́ ni. Ẹ wá wo àwọn èèyàn tó ta ọjà iyebíye tán tí wọn ò rántí ohun tí wọ́n rà! Bí wọ́n ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yún Darlene sí i. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó lọ dúró ti ọkọ̀ Rege, ó di ilẹ̀kùn mú.

Rege mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ Ajé àgbọ̀nrín ni."

Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ náà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọdún ńlá Amẹ́ríkà ní òpin oṣù November, ni, ọjọ́ tí ọdẹ ti máa ń kọ́kọ́ yìnbọn sí àgbọ̀nrín látijọ́.

"Ọ̀gá fẹ́ gba ọ̀lidé yẹn lọ́wọ́ wa," Rege ní. "Ó ní tá ò bá fẹ́, ká fi ti àìsàn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Ṣùgbọ́n ìjọba ti gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ lọ sí Sátidé tó ṣáájú ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Sátidé tá a kì í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀!"

"Mo ní mo mọ̀!"

Darlene rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ọkọ̀. "Ẹ gba ọjọ́ tẹ́ran ti gbọ́ ìró ìbọn, tí wọ́n ti sá tán!" Lẹ́yìn náà ni inú bí i gan-an.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni. Ó pe ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n sún Tessa sí Ọjọ́ Ajé náà. Ọmọ wá ń mu omi ọbẹ̀ lásán títí ọjọ́ fi pé, ìyá sì ń sùn tì í, ó ń fetí sí èémí rẹ̀. Ó dun Darlene pé òun ló ní kí ọmọ dúró.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wọ gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, ó sì ṣe Darlene bí ẹni pé ilé-ìfọṣọ ló tún wọ̀. Awakọ̀ ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Obìnrin ẹ̀rọ amáṣọgbẹ na ẹsẹ̀ sórí àga, orúnkún rẹ̀ wú. Rege sì jókòó ní igun, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ.

"Bọ̀ọ̀dá Rege, igbó kọ́ lẹ lọ?"

"Àyà mi ni. Látìgbà ooru ló ti ń dùn mí. Ìyàwó mi rò pé mo wà nínú igbó."

"Látìgbà ooru! Kí lẹ ń dúró dè?"

"Ohun tíwọ náà ń dúró dè."

Darlene gbàgbé gbogbo èébú tó ti tò pamọ́ dè é, ó jókòó tì í. Àánú ọkùnrin náà ṣe é.

"Tí àdéhùn tuntun bá dé," Rege ní, "a ó dá Ọjọ́ Ajé yìí padà fún ọ̀gá, kó fún wa ní ti àìsàn."

"Kí lọ̀gá fẹ́ fi ọjọ́ tẹ́ran ti sá tán ṣe?"

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ Tessa.

"Ẹ pe ìyàwó yín," Darlene ní. "Nísinsìnyí, kí n tó wọlé."

Rege gbé fóònù rẹ̀ fún un, Darlene sì bá a tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì. Bí ilẹ̀kùn ti ń pa dé lẹ́yìn wọn, ó gbọ́ ohùn Rege: "Ìyàwó mi, má bínú o. Mi ò sí nínú igbó."