Ògiri Abẹ́ Ilẹ̀ fún Kòkànyín

Ajá Ìyá Gbóyèga ò mọ ààlà. Ilé màmá àti ilé Àlhájì Àmúsà fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní Ìgándò, kò sógiri láàrin wọn, koríko lásán ni. Láràárọ̀ ni ajá náà máa ń kọjá lọ fẹnu bọ garawa omi àlùwàlá Àlhájì, á mu ún yó, á wá máa lá ètè bí àlejò tó jẹun tán. Orúkọ rẹ̀ tún dá kún ọ̀rọ̀. Kòkànyín ni màmá sọ ọ́, nítorí àwọn tó ń bi í pé kí lopó ń fajá ṣe.

"Ìyá Gbóyèga, ẹ̀ẹ̀méje ni mo tún máa fọ garawa yìí! Ẹ pe ajá yín!"

"Kòkànyín! Kòkànyín o!"

"Ó kàn mí! Ó kàn mí gan-an ni! Tí mo bá tún rí i níbí, ìpàdé lanlọ́ọ̀dù la ti máa sọ ọ́. Ajá yẹn á kúrò ládùúgbò."

Ọ̀rọ̀ yìí ká màmá lára. Látìgbà tí bàbá Gbóyèga ti kú, Kòkànyín ló ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbọ́ ìtàn màmá dópin láìsùn lọ. Tó bá sì so ó mọ́lẹ̀, igbe tí yóò máa ké, ẹni tí kò mọ̀dí á ní màmá ń pa á jẹ ni.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyí tí Gbóyèga fi ti Amẹ́ríkà wá kí i, tòun ti páálí kan lábíyá.

"Màmi, ògiri ni mo gbé bọ̀. Ògiri tójú kì í rí."

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ń fún yín ní nǹkan mu lọ́hùn-ún?"

Gbóyèga ṣàlàyé. Wáyà lòun máa rì mọ́lẹ̀ yí ilé ká, òun á so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń lo iná nínú pálọ̀. Bẹ́líìtì kan wà tí ajá máa wọ̀ sọ́rùn. Tó bá sún mọ́ wáyà, bẹ́líìtì á kọ́kọ́ dún, tó bá ṣorí kunkun, á ta á bí agbọ́n. Ló bá gbé ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri wáyà, ó bò ó.

"Ó kù ká fi sí ajá lọ́rùn."

"Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ohun tí mi ò bá kọ́kọ́ tọ́ wò, ajá mi ò ní wọ̀ ọ́."

Màmá gba bẹ́líìtì. Kò fi sọ́rùn, òun kì í ṣajá. Ó tì í bọ abẹ́ ìró níbàdí, ó sì kọjú sílé Àlhájì, ó ń yan lọ. Bẹ́líìtì dún píìì.

"Ó ń kí mi," ni màmá wí, ló bá tún gbẹ́sẹ̀ kan sí i.

"Yéèèè! Ìdí mi o!"

Ìró já bọ́, tòbí nìkan ló kù. Àlhájì, tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀súbáà, sáré kọjú sí ògiri ilé rẹ̀. Màmá wó jókòó sínú koríko, ẹ̀rín sì gbé e títí omijé fi dé. "Ìdí tẹ́nikẹ́ni ò rántí mọ́ láti bí ọdún mélòó! Iná Amẹ́ríkà ló wá bẹ̀ ẹ́ wò!"

Nígbà tí Kòkànyín náà tọ́ ọ wò, ó fi Àlhájì lọ́rùn sílẹ̀. Gbóyèga padà sí Amẹ́ríkà tayọ̀tayọ̀.

Ni iná bá lọ.

"Ìyá Gbóyèga! Garawa mi o!"

Màmá sáré wo àpótí, iná ojú rẹ̀ ti kú. "Háà, Gbóyèga! Ìwọ tí o fi àtùpà kàwé nínú ilé yìí, ìwọ lo wá fi ajá mi sọ́wọ́ iná Ìgándò!"

Ajá náà ò wá gọ̀. Ó ti kíyè sí i pé táwọn ọmọ àdúgbò bá ti pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!", iná ti dé nìyẹn, wáyà náà sì ti jí. Tó bá ti gbọ́ ọ, abẹ́ bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà màmá ló ń gbà lọ. Tí iná bá sì lọ, tílé dákẹ́, ó di ilé Àlhájì.

Àlhájì ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìpàdé di Sátidé.

Láàárọ̀ Sátidé náà, màmá ń rin orín lẹ́nu ọ̀nà, kò síná, ó sì rí Kòkànyín tó ti fẹ́ẹ̀ dé ìdí garawa. Orúnkún màmá kì í ṣe ti eré sísá mọ́. Kó tó mọ̀, ó ti figbe ta:

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pàààà!"

Kòkànyín ki ìrù bọ itan, ó fò padà sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló gba igbe náà. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń tan rédíò, Yẹ́misí tílé rẹ̀ kọjú sí ti màmá gbé áyọ́ọ̀nù jáde tòun ti aṣọ ọkọ rẹ̀.

"Ta ló ń tan èèyàn jẹ láàárọ̀ yìí?" ni Yẹ́misí bèèrè.

"Èmi ni, jàre! Ajá mi ni mò ń bá wí!"

Àlhájì ti rí gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fi ọwọ́ tẹ̀súbáà bo ẹnu. Nígbà tí alága ìpàdé bèèrè ẹni tó lẹ́jọ́, màmá wo Àlhájì. Àlhájì wò ó, ó wo àjà, ó ní ọ̀rọ̀ gọ́tà nìkan lòun bá wá.

Lọ́jọ́ kejì, màmá wà ní balùwẹ̀ tó ṣókùnkùn, ọṣẹ kún ojú rẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn ńlá kan láti ìhà kejì koríko:

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!"

Ẹsẹ̀ ajá ń dún pàtàpàtà kọjá lábẹ́ fèrèsé. Inú màmá dùn, ó na ọwọ́ sára ògiri, ó tẹ súìṣì.

Òkùnkùn ò mira.

"Ẹran ni ẹ́, Ìyá Gbóyèga, ajá ni Àlhájì ń lé," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi wọ ẹnu rẹ̀.