Iná Dé, Àwòrán Lọ

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí o má fọwọ́ kan nǹkan, má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń pariwo lé ọ lórí láti ojú fèrèsé, jẹ́ kó máa pariwo. Bó bá yá, kò ní rántí pé òun pariwo.

Àyàndélé ló ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòsí. Bàbá Gẹ́n ni wọ́n ń pè é. Kò kàwé púpọ̀ kó tó kúrò ní Ìsẹ́yìn, kì í sì í ṣe onígboyà. Bí ọ̀gá bá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ á já, á wá máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá ó ti ba nǹkan jẹ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hàlímátù, wà ní wọ́ọ̀dù òkè. Kókó kan wà nínú orí rẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán orí náà, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ya àwòrán náà ti bàjẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Èyí tí wọ́n yà yẹn nìkan ni dókítà ní tí yóò máa wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, inú kọ̀ǹpútà ló sì wà.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Tiwalọlá, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà, wá pààrọ̀ àwọn swíìṣì tó ti gbó, àwọn àpótí kéékèèké tí wáyà kọ̀ǹpútà ń gbà kọjá. Àyàndélé bá a gbé páálí wọlé. Obìnrin náà fi hàn án.

"Bàbá Gẹ́n, ẹ wò ó. Inú àpótí yìí làwọn dísìkì wà, ibẹ̀ la kó gbogbo àwòrán sí. Àwọn sáfà rèé, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń lò ó. Wáyà méjì méjì ló jáde lára sáfà kọ̀ọ̀kan, swíìṣì ni wọ́n ń gbà kọjá dé ìdí dísìkì. Màá yọ wáyà kan, màá kì í bọ swíìṣì tuntun, màá dúró títí sáfà yóò fi rí dísìkì kí n tó yọ ìkejì. Bí ọ̀kan bá ṣáà ti wà nílẹ̀, dókítà ò ní mọ̀ pé mo wá."

"Bí ẹni ń pààrọ̀ òpó ilé láìjẹ́ kí àjà wálẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àbí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?"

Àyàndélé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kíyè sí i pé ara ògiri ni iná àwọn swíìṣì tuntun ti ń wá. Tiwalọlá rí ojú rẹ̀.

"Ihò ti tán lára bátìrì tó ń gbé iná dúró. Bí mo bá yọ àwọn àtijọ́ tán, màá gbé tuntun síbẹ̀. Nítorí náà, iná ìjọba ì báà dé, ẹ má yí i, torí bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, àwọn swíìṣì yìí á kú. Ẹ jẹ́ kí gẹ́n máa ṣiṣẹ́ títí màá fi pè yín."

"Mo gbọ́, Ẹnjiníà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó lọ jókòó ti gẹ́n. Kò pẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè pé iná ti dé. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó fi í sábẹ́ itan. Ó dúró. Lókè, Ọ̀gbẹ́ni Sherifdeen, alákòóso ilé ìwòsàn, yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá Gẹ́n, ṣé ẹ fọ́jú ni? Iná ti dé, dísù ń jó. Àbí bàbá yín ló ni kànga epo?"

"Ọ̀gá, Ẹnjiníà ló ní kí n—"

"Ẹnjiníà ló gbà yín síṣẹ́? Ẹ rántí Mọ́nsúrù."

Àyàndélé rántí Mọ́nsúrù. Òun ló wà nídìí gẹ́n tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ dísù ni wọ́n fi lé e lọ. Ó tún rántí pé torí òun jẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ṣe gba Hàlímátù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde, ó yí i. Gbogbo ilé ṣókùnkùn, kò ju kéèyàn sín lọ, iná sì tàn padà.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, Tiwalọlá kò pariwo. Wáyà kejì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan tó kù gba inú swíìṣì tuntun, swíìṣì tuntun sì ti kú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí díẹ̀díẹ̀. Àwọn sáfà kò kú ní tiwọn, bátìrì gbé wọn dúró. Wọ́n ń pe dísìkì, dísìkì ò jẹ́ wọn.

"Ta ló yí i?" ló bi í.

Swíìṣì jí. Àwọn sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í rí dísìkì padà, àfi èyí tó ń tọ́jú àwòrán. Àárín kíkọ nǹkan sílẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀nà já, àwọn àwòrán inú rẹ̀ kò sì ṣí mọ́. Tiwalọlá gbìyànjú títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n ti ṣe ẹ̀dà tí wọ́n kó pamọ́ kí wọ́n tó ya ti Hàlímátù, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Èmi ò ní kí Bàbá Gẹ́n yí nǹkan kan," ni Sherifdeen wí. "Mo kàn bèèrè dísù ni."

Dókítà ní òun ò lè la orí ènìyàn bí afọ́jú. Wọ́n lè ya òmíràn ní Gbàgádà, àmọ́ gìrì ti ń mú Hàlímátù láti àná, nọ́ọ̀sì ní kò ní dé ibẹ̀ láàyè.

Àyàndélé gun àtẹ̀gùn lọ bá a.

"Àyàn, wọn ò tíì wá gbé mi?"

"Wọ́n ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé àbúrò mi nìyẹn, pé ọwọ́ ẹ̀ yá." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá tẹjú mọ́ ọn. "Wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé àwòrán kan sọnù. Ti ta ni?"

"Ẹ sinmi."

"Àyàn, tèmi ni?"

Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta ló ṣe é? Wò mí. Ṣé ìwọ ni?"

Àyàndélé jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ń wo ilẹ̀. Hàlímátù tún bi í, ó tún bi í.