Yàrá Kẹfà Ọ̀tún

Ní ìjọba Kóbọ́ọ̀lù, níbi tí àwọn òkété ń gbé lábẹ́ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í walẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fa àtẹ ilé síwájú ọba. Ihò mẹ́ta, ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka mẹ́rin, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, yàrá márùn-ún. Bí wọ́n bá ń wá nǹkan, wọ́n á pe ihò, kí wọ́n tó pe ẹ̀ka, kí wọ́n tó pe yàrá. Kò sí ògiri láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì. Ibi tí yàrá karùn-ún parí sí ni yàrá àkọ́kọ́ ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀. Opó kan, Àyọ̀ká, ló ń ṣọ́ gbogbo wọn.

Ibà gbé ọmọ ọba dè. Àyọ̀ká sáré lọ mú gbòǹgbò orúwo ní ihò kejì, ẹ̀ka kẹta, yàrá karùn-ún. Yàrá ṣófo. Ó sáré padà lọ sọ fún ọba.

Láṣebìkan, Ọ̀tún ìlú, tó ni ẹ̀ka náà, dìde nínú ìgbìmọ̀.

“Kábíyèsí, mo fẹ́ máa gba àlejò ní yàrá karùn-ún, ni mo bá ní kí wọ́n gbé gbòǹgbò náà lọ sí yàrá kẹfà mi. Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, ekùrọ́ nìkan ni mo rí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Olùṣọ́ ló jí i. Ẹ lé e síta, kí ajá ọdẹ dá a lẹ́jọ́.”

Àwọn ìjòyè mi orí. Ẹ̀rù ba Àyọ̀ká, àmọ́ ìkérora ọmọ tó ń gbọ́ ló dùn ún jù. Ó kúnlẹ̀.

“Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Yàrá kẹfà wo ni Ọ̀tún ń wí? Àrún la fà sílẹ̀. Ẹni tó bá kọjá àrún, ilé onílé ló wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dé yàrá àkọ́kọ́ Òsì, tó ni ẹ̀ka kẹrin.”

Òsì ìlú fò sókè. “Àná ni mo da ekùrọ́ síbẹ̀!”

Wọ́n kó ekùrọ́ náà kúrò. Gbòǹgbò orúwo rèé nísàlẹ̀, kò bàjẹ́. Wọ́n sè é, ọmọ mu. Kí oòrùn tó kan àtàrí, òógùn bò ó, ó ní ebi ń pa òun. Àyọ̀ká jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀tún dọ̀bálẹ̀, ó bẹ Àyọ̀ká níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Ọba ní kó dìde.

“Ọ̀tún, yàrá kẹfà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ la fi ń gbẹ́ ilé. A ó tún àtẹ fà, bí ẹ̀ka kan bá sì ní ẹ̀fà, gbogbo ẹ̀ka ni yóò ní i. Ẹ̀ka méjìlá ni wá. Ìwọ lo bèèrè, ìwọ ni yóò gbẹ́ yàrá kẹfà méjèèjìlá.”

Ọ̀tún wo èékánná rẹ̀.

“Kábíyèsí,” ó ní, “àrún tó mi.”