Ibùsùn Ọmọ Tí Aránṣọ Parí

Máfikánjú ni wọ́n ń pe káfíńtà náà, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àìsàn tó rọ ọ́ lápá ọ̀tún kò mú ahọ́n rẹ̀, àmọ́ látìgbà tó ti kúrò nílé ìwòsàn, kò fẹ́ fojú kan ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ibùsùn tó ń kàn sílẹ̀ de ọmọ tí ọmọbìnrin wọn fẹ́ bí sì wà níbẹ̀ láìparí, tí etí igi rẹ̀ ṣì mú.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ló fà á lọ́wọ́ dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé àga fún un nídìí tábìlì iṣẹ́, ó ní òun lòun máa fá etí igi náà, kí ọkọ òun ṣáà máa fẹnu júwe. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. Ó ní abẹ tó wà lẹ́nu rúta, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ méjì tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi, kòtò ló wà fún. Àfi kó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń sọ etí igi di róbótó. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, obìnrin náà ti mú sípánà.

"Ìyá àwọn ọmọ, dúró ná. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ máa ń wà lórí pẹ́dà tó o bá ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ máṣíìnì?"

Obìnrin náà fojú tọ wáyà rúta náà dé ara ògiri, ló bá fi sípánà sílẹ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbé e wá fún òun, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi í síná. Obìnrin náà rọra ṣí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé púlọ́ọ̀gì sí i, ó sì pa wọ́n dé.

"Ẹ bá mi mú un dáadáa," ó wí.

Ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ lé ọwọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀tì tú, àmọ́ abẹ ò jáde. Ọkọ rẹ̀ ní kó má fà á tipátipá, kó fi ìdí sípánà gbá nọ́ọ̀tì jẹ́jẹ́, kó sì fi àkísà mú abẹ náà, nítorí abẹ kò mọ ẹni tó ni ín yàtọ̀ sí àlejò. Obìnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ náà sì yọ. Ó nu ihò rẹ̀ mọ́, ó ti abẹ tuntun wọlé dé ìsàlẹ̀, ó fà á sókè díẹ̀, ó sì dì í. Ó dì í débi tí ọkọ rẹ̀ fi ní ó tó, ṣebí nọ́ọ̀tì ò bá a jà.

Bó ṣe fẹ́ gba púlọ́ọ̀gì, ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì bò ó. Ó ní kó wo bọ́tìnnì rúta náà kọ́kọ́. Obìnrin náà wò ó. Títàn ló wà; apá rẹ̀ ló ti tì í láìmọ̀. Ká ní ó ti fi púlọ́ọ̀gì síná ni, ẹ̀rọ náà ìbá ti fò dìde lórí tábìlì.

Ọkọ rẹ̀ kò bá a wí. "Pa á," ó ní, "ká máa bá iṣẹ́ wa lọ."

Obìnrin náà pa á, ó gba púlọ́ọ̀gì, ó fi í síná. Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó fi awò bojú, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ wọ́ díẹ̀, ìyókù jọ̀lọ̀. Ìgbà tó parí, ọkùnrin náà fi tábìlì ti ara rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ òsì pa etí igi yíká, ó dúró níbi tó wọ́.

"Mo lè fi sáńpépà fá ibí yìí," ó ní. "Lọ́la, wá àga tó ga ju èyí lọ fún mi."