Nọ́ńbà Kejì

“Wọ́n ti já Ìyá Nolan!” Táòfíkì pariwo, ó sì gbá irin iwájú rẹ̀. “Ó ti bọ́ sílẹ̀, Alhaji! Àga kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀yin àti alápatà tó ń díje yẹn lẹ jọ ń fà á.”

Husainat, ìyàwó Táòfíkì, kò lè bá a yọ̀. Ó ń wo Breda Nolan bó ṣe ń wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀ ní apá kejì gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ka ìbò. Ẹ̀rù ń bà á bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin yẹn ló dìbò fún, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ìdìbò káńsù ti ọdún 2004 ni, èyí tó bọ́ sí àárín sáà ìjọba Ireland, tí ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú náà sì láǹfààní láti dìbò. Níbẹ̀, ńṣe ni olùdìbò máa ń kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ àwọn òǹdíje, 1 fún ẹni tó wù ú jù, 2 fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Dókítà Dísù, tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní Hartstown ń pè ní Alhaji, dá dúró láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn. Nígbà tó wá sílé wọn, pálọ̀ ni Táòfíkì ti gbà á, ó sì fọwọ́ sọ̀yà: “Ìbò ilé yìí, tiyín ni. Èmi àti ìyàwó mi, nọ́ńbà kìn-ín-ní.” Husainat gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó jáde. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní Nàìjíríà náà nìyẹn, baálé ní í fi ìbò ilé rẹ̀ tọrẹ.

Ọjọ́ kẹta ni Breda Nolan kan ilẹ̀kùn nínú òjò. Àwọn òǹdíje yòókù máa ń bèèrè bóyá ọkọ rẹ̀ wà nílé. Eléyìí bèèrè orúkọ rẹ̀, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì títí tó fi mọ̀ ọ́n pè. “Husainat, ṣé wàá fún mi ní nọ́ńbà kìn-ín-ní rẹ? Bí kò bá ṣeé ṣe, nọ́ńbà kejì náà grand, ó dára.”

Lọ́jọ́ ìdìbò, Husainat kọ 1 síwájú Nolan, ó kọ 2 síwájú Alhaji. Táòfíkì bi í bóyá ó kọ ọ́ dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ tán.

Ní báyìí tí Nolan ti bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń ka ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìbò rẹ̀ fún ẹni tí oníkálukú kọ nọ́ńbà kejì sí. Nígbà tó ṣe, olórí wọn mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìbò mẹ́sàn-án ni Alhaji fi ju alápatà náà lọ. Ó ti wọlé.

“Allahu Akbar!” Ariwo sọ. Táòfíkì gbé Alhaji, odindi dókítà, kúrò nílẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, Alhaji fi fìlà nu ojú.

“Ìbò igba ó lé méjìdínlógún ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn,” ó ní. “Àwọn òyìnbó tí mi ò mọ̀ rí! Ká ní mo mọ ilé ẹyọ ẹnì kan nínú wọn, ǹ bá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ẹ mọ ilé ẹnì kan, sà,” Husainat sọ. “Ẹ ti mu omi níbẹ̀.”

Táòfíkì yíjú sí i. “Kí lo sọ?”

“Ìyá Nolan ni mo fún ní nọ́ńbà kìn-ín-ní. Alhaji ni mo fún ní ìkejì.”

“Husainat! O dójú tì mí! Èmi tí mo ti ṣèlérí fún wọn?”

“Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí, bàbá Zayd. Kò sẹ́ni tó bi èmi. Obìnrin yẹn dúró nínú òjò, ó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí.”

Ara rẹ̀ fúyẹ́. Alhaji dé fìlà rẹ̀ padà.

“Táòfíkì, má bá a jà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo jókòó sí pálọ̀ yín fún odindi wákàtí kan, mi ò bá ìyàwó rẹ sọ ju ‘o ṣeun’ lọ. Díẹ̀ ló kù kí n jìyà ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Husainat, lọ́dún márùn-ún sí i, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ìwọ gan-an ni màá wá bẹ̀.”

Inú Husainat dùn débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kó kúnlẹ̀.

“Ọdún márùn-ún ti jìnnà jù, sà. Ibùdókọ̀ tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kò ní òrùlé. Àwa mẹ́jọ là ń dúró síbẹ̀, aboyún wà nínú wa.”

“Ibo ló wà gan-an?” Alhaji bèèrè.

Kí Husainat tó la ẹnu, Táòfíkì ti yí ìwé ìpolongo kan sẹ́yìn, ó sì ti nawọ́ tọrọ báírò lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka ìbò.

“Máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀,” ó ní, láìwo ojú rẹ̀, “kí n lè kọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́.”